Wúrà Tó Ń Tú Àṣírí Òjé Nínú Omi

Olóòtú wa ló ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan nípa iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní láàbù, pé kí n kọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tó ń ka ìmọ̀ òfin tàbí ìmọ̀ ìtàn yóò fi lè kà á tán láìsùn lọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ fojú fo àṣìṣe mi o, nítorí Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, Haúsá ni a fi ń ṣeré ní àdúgbò wa, ìpàdé ẹgbẹ́ yìí gan-an ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ sọ. Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi a máa gba àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè, kò sì ní sọ fún wa. Bí ìdọ̀tí bá wọ inú omi, ojú yóò rí i. Bí nǹkan bá kú sínú kànga, imú yóò gbọ́ òórùn rẹ̀. Àlejò tí mo ń sọ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ahọ́n kò sì lè mọ̀ ọ́n ní ìwọ̀n tó ti lè pa ọmọdé lára. Òjé ni.

Òjé kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn olùsìn Ọbàtálá ń fi òjé ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Tìróò tí àwọn ìyá wa ń lé sí ojú ọmọ tuntun náà kì í sábà wà láìní òjé. Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Wọ́n wádìí títí, wọ́n sì rí i pé tìróò tó ti Nàìjíríà wá ni wọ́n ń lé sí i lójú. Ìròyìn náà jáde láti ọwọ́ àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ní 2012: tìróò ọ̀hún, ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ ló jẹ́ òjé. Bí ọmọdé bá gbé òjé mì tàbí tó fà á símú, ọpọlọ rẹ̀ ni ó máa ń dojú kọ. Ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ kì í sábà ṣeé tún ṣe.

Èyí tó súnmọ́ ibi tí a wà yìí ni ti Zamfara. Mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí pé bàbá mi dákẹ́ jẹ́ẹ́ nídìí rédíò, kò sì dá wa lóhùn. Ní oṣù kẹta 2010, àwọn dókítà ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières gbọ́ pé àwọn ọmọdé ń kú ní àkúpọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Gìrì ń mú wọn, ojú àwọn mìíràn fọ́. Àwọn kan rò pé ibà ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, òjé ló kún inú rẹ̀. Ní Yargalma àti Dareta ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i ní àwọn abúlé mìíràn. Wúrà ni àwọn ará ibẹ̀ ń wà. Òkúta tí wúrà náà wà nínú rẹ̀ ní òjé púpọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni wọ́n sì fi ń lọ̀ ọ́ láàrin agbo ilé, tí eruku rẹ̀ ń bo ilẹ̀ tí ọmọdé ń rá. Ó kéré tán, 400 ọmọdé ló kú.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé omi ló pa wọ́n jù. Eruku àti ilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n inú omi ni wọ́n ti ń ṣan òkúta tí wọ́n lọ̀, nígbà tí wọ́n sì yẹ àwọn kànga àti adágún omi ibẹ̀ wò, wọ́n bá òjé tó ju ìwọ̀n lọ nínú àwọn kan. Ní Bagega, ọdún 2013 ni wọ́n tó ṣan ilẹ̀ ìlú náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń fa omi mu ní gbogbo àkókò tí a fi ń dúró. Ohun tó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí nìyẹn: báwo ni ẹni tó dúró létí kànga, tí kò ní iná ọba, tí kò ní ẹ̀rọ ńlá, ṣe lè mọ̀ pé òjé wà nínú omi náà?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí ohun tí à ń wá ti kéré tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní òjé kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan. Ìwọ̀n kan náà ni òfin omi mímu ti Nàìjíríà fi lélẹ̀ ní 2007. Máíkírógíráàmù mílíọ̀nù kan ló wà nínú gíráàmù kan. Ẹ wo píìnì tí a fi ń há ìwé: ó wúwo tó nǹkan bí gíráàmù kan. Bí ó bá jẹ́ òjé, tó sì yọ́ pátápátá, yóò tó láti gbé lítà 100,000 dé ẹnu ààlà, ìyẹn ọkọ̀ táńkà mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 10,000. Kò sí ojú tó lè rí ìyẹn. Ẹni tó bá sì ní òun yóò se omi náà kí òun tó mu ún, kòkòrò àrùn ni yóò pa. Òjé kì í bá ooru lọ. Omi ni yóò dín kù, òjé yóò dúró.

Ẹ̀rọ tí a gbẹ́kẹ̀lé fún irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní AAS. Alan Walsh, ará Ọsirélíà, ló gbé ọ̀nà rẹ̀ kalẹ̀ ní 1955. Àṣírí rẹ̀ rọrùn: átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tó máa ń gbé mì. Wọn a fi iná sun omi náà kí àwọn átọ̀mù inú rẹ̀ lè dá wà, wọn a tan ìmọ́lẹ̀ tí òjé fẹ́ràn kọjá, wọn a sì wo iye tó dín kù. Gbogbo ìmọ̀ fífi ìmọ́lẹ̀ wádìí ohun báyìí là ń pè ní spectroscopy. Ẹ̀rọ náà dára, n kò ní bú u. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ gáàsì, ó ń fẹ́ iná tí kì í ṣẹ́jú, ó ń fẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò, ẹni tó bá sì gbé ìgò omi rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò tò sórí ìlà. Kò ṣeé gbé dé etí kànga.

Ibí ni wúrà ti wọlé. Gbogbo wa mọ wúrà sí ohun tó ń dán yanran, tó pọ́n bí ìyeyè. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́ dé ibi tí kò tún sí wẹ́wẹ́ mọ́, kì í pọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́, pupa ni. Ní 1857, Michael Faraday ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe omi pupa kan láti inú wúrà, ó sì sọ pé wúrà ṣì ni, pé kíkéré tí àwọn horo rẹ̀ kéré ló yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Díẹ̀ nínú ìgò tí ó fi ṣe é ṣì wà ní Royal Institution di òní. Àwọn ará Róòmù ìgbàanì pàápàá ti lò ó láìmọ̀: ife gíláàsì kan tí wọ́n ṣe ní ọ̀rúndún kẹrin wà ní British Museum, ewé ni àwọ̀ rẹ̀ bí iná bá wà níwájú rẹ̀, bí a bá gbé iná sí inú rẹ̀, ó di pupa. Eruku wúrà àti fàdákà tó wà nínú gíláàsì náà ló ń ṣe é.

Horo wúrà tí à ń lò ní láàbù kò ju nánómítà 13 ní ìbú. Bí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò gba nǹkan bí 6,000 kí wọ́n tó bo ìbú irun orí kan. Ṣíṣe wọn kò le. A ó yọ́ iyọ̀ wúrà sínú omi tí a sè tí a sì gba ooru rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n díẹ̀. A ó gbé e kaná títí yóò fi hó. A ó wá da citrate sí i, ohun kan tó jẹ́ ìbátan kíkan inú ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọ̀ náà á kọ́kọ́ parẹ́, omi á wá dúdú, ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti di pupa bí sóbò. Turkevich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ìlànà yìí sílẹ̀ dáadáa ní 1951. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo pe gbogbo ẹni tó wà ní láàbù wá wò ó.

Kí ló fà á tó fi pupa? Nínú wúrà, àwọn electron wà tí kò fìdí kalẹ̀ síbì kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn wọ́n, gbogbo wọn á máa mì pọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ fi wé ìlù. Omele kéré, ohùn rẹ̀ wà lókè. Ìyáàlù tóbi, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni horo wúrà kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀ tó máa ń jẹ́. Èyí tó jẹ́ nánómítà 13 máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mì, ní nǹkan bí nánómítà 520 gígùn ìgbì, èyí tó kù tó dé ojú wa sì jẹ́ pupa. Bí àwọn horo náà bá wá di ara wọn mú, wọ́n ti di ìlù ńlá nìyẹn. Ohùn wọn á wọlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa ni wọn á wá máa gbé mì, láàrin 600 sí 700, omi náà á sì dà bí aró. Ohun tí ojú kò lè rí láéláé ti di ohun tí ọmọdé lè tọ́ka sí: sóbò di aró.

Kí ó lè jẹ́ pé òjé nìkan ni yóò mú wọn di ara wọn mú, a ní láti wọ àwọn horo náà láṣọ. Ọ̀kan nínú aṣọ náà ni glutathione, mólékù kan tó wà nínú ara gbogbo wa. Ó ní ọwọ́ tó lè di òjé mú, nítorí náà bí òjé bá bọ́ sáàrin horo méjì, yóò so wọ́n pọ̀. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Ní 1994, Ronald Breaker àti Gerald Joyce fi hàn pé a lè rí DNA tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀bẹ, tó ń gé nǹkan bí òjé bá wà nítòsí. Ní 2003, Juewen Liu àti Yi Lu ní Yunifásítì Illinois fi irú DNA bẹ́ẹ̀ so horo wúrà pọ̀. Tiwọn yàtọ̀ o: bí òjé kò bá sí, horo á so pọ̀, omi á dà bí aró, bí òjé bá wà, DNA á gé okùn náà, omi á wà ní pupa. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé pupa ni àlàáfíà níbi gbogbo. Ìwọ̀n òjé tó kéré jù tí wọ́n lè rí nígbà náà tó máíkírógíráàmù 20 nínú lítà, ìlọ́po méjì ohun tí WHO gbà láàyè. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe láti ìgbà náà ni bí wọ́n ṣe máa mú un wálẹ̀ sí i.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, èyí tí ó dá lórí iṣẹ́ tí C. V. Raman ará Íńdíà ṣe ní 1928, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1930. Ó wúlò fún oògùn tí wọ́n ń fín sí oko ju bó ṣe wúlò fún òjé lọ. Mo lè kọ nípa rẹ̀ ní ìgbà mìíràn bí Olóòtú bá fi àyè sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí.

Ilé tí mo ń gbé wà lẹ́yìn ọgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀, àwọn ìdílé kan náà sì wà, kànga kan ni gbogbo wa ń fà. Nígbà tí mo ti ṣe wúrà mi tán, glutathione tí a ní kí wọ́n bá wa rà kò tíì dé. Ara mi kò gbà á. Mo bu omi kànga wa, mo da díẹ̀ sínú wúrà tí kò wọ aṣọ kankan. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi di aró. Ọkàn mi já. Mo rántí Zamfara. Mo sáré dé ilé, mo kéde fún gbogbo ẹni tó wà nínú àgbàlá pé kí wọ́n má mu omi náà mọ́, pé òjé wà nínú rẹ̀.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹ̀wà fún àwa akẹ́kọ̀ọ́. Odindi ìkòkò ẹ̀wà ló dà nù lójú mi. Ọjọ́ méjì ló fi ra omi lọ́wọ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ti jálá kiri, èrè rẹ̀ sì wọlé sínú omi náà.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé túùbù mi tó dà bí aró lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi. Ó wò ó, ó ní, “Ṣé o ti fi omi iyọ̀ lásán dán an wò?” Mo ní, “Rárá, sà.” Ó ní kí n lọ dán an wò. Mo bu iyọ̀ ọbẹ̀ sínú omi tí a gba ooru rẹ̀, tí kò lè ní òjé kankan, mo dà á sí wúrà náà. Aró ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Citrate tó bo horo wúrà máa ń jẹ́ kí wọ́n lé ara wọn, bí ẹni méjì tí wọ́n ń jà tí wọn kò fẹ́ jókòó lórí àga kan. Iyọ̀ máa ń bọ́ sáàrin, á pẹ̀tù sí ìjà náà, wọn á wá lẹ̀ mọ́ ara wọn. Kalisíọ̀mù inú omi kànga, èyí tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju iyọ̀ lọ. Omi wa sọ òótọ́ fún mi, pé iyọ̀ àti kalisíọ̀mù wà nínú òun. Èmi ni mo gbọ́ òjé. Nígbà tí wọ́n fi AAS yẹ̀ ẹ́ wò, òjé inú rẹ̀ kò tó máíkírógíráàmù 10.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá onílé wa. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú.” Bàbá ní, “Ìwé tí o ń kà yìí, ṣé òun ló ní kí o pariwo kí o tó wò ó dáadáa?” N kò rí èsì fọ̀. Ìyá ẹlẹ́wà kò tilẹ̀ bá mi wí. Ó kàn béèrè ẹni tí yóò san owó ẹ̀wà òun ni. Mo san án ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Láti ìgbà náà, n kì í dá túùbù kan gbọ́ mọ́. Omi kànga yóò wà nínú ọ̀kan, omi tí a gba ooru rẹ̀ nínú èkejì, omi iyọ̀ nínú ẹ̀kẹta. Nínú ẹ̀kẹrin ni n ó ti fi ọwọ́ ara mi da òjé tí mo mọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú omi kànga kan náà. Ẹ̀kẹrin yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Omi adágún, pàápàá èyí tí ewé ti jẹrà sínú rẹ̀, ní àwọn ohun kan tó máa ń bo horo wúrà débi pé òjé kò ní rí wọn dì mú. Omi náà á dúró ní pupa, á sì máa parọ́. Ariwo tí mo pa gba ẹ̀wà ìkòkò kan lọ́wọ́ ènìyàn. Pupa tó ń parọ́ lè gba ọmọ. Bí ẹ̀kẹrin kò bá yí padà, mo mọ̀ pé ìdánwò náà kò wúlò fún irú omi bẹ́ẹ̀, n kò sì ní sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

N kì í fi ojú nìkan wò ó mọ́. Mo ń gbé e sínú spectrophotometer kékeré tí a ní, mo ń wo ìmọ́lẹ̀ tó gbé mì ní 520 àti ní 650, mo sì ń fi ọ̀kan pín èkejì. Ojú ẹni tó ń bẹ̀rù òjé yóò rí aró nígbà tí kò tíì sí aró. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kànga tí wúrà bá fura sí ṣì gbọ́dọ̀ lọ síwájú AAS. Àwọn kan nínú kíláàsì wa ní kí ni wúrà wá wà fún nígbà náà. Mo ní ẹni tó ní kànga 200 láti yẹ̀ wò, tí AAS kò lè gbà ju díẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, yóò mọ ohun tó wà fún.

Kò sì wọ́n tó bí orúkọ rẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀: nínú ìlànà tí mo ń tẹ̀lé, mílílítà kan nínú omi pupa náà ní nǹkan bí máíkírógíráàmù 50 wúrà. Gíráàmù kan yóò tó fún bí 20,000 ìdánwò. Kò sí oko wúrà kan ní Zamfara tí wọn kì í wa ìyẹn níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá ẹlẹ́wà rán ọmọ rẹ̀ sí mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù kan lẹ́yìn ọjà, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ máa pọn omi. Ọmọ náà gbé ìgò omi lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Màámi ní kí ẹ bá àwọn wo èyí. Wọ́n ní kí ẹ má pariwo o, pé àwọn nìkan ni kí ẹ wá sọ fún.” Ìgò náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti fi wúrà tó wọ aṣọ dán an wò, túùbù ẹ̀kẹrin yí padà bó ṣe yẹ, omi bọ́ọ̀hóòlù náà dúró ní pupa. Ọjọ́bọ̀ ni ìlà AAS yóò kàn mí.